Mọ́wà tuntun tí a ń tì lọ́wọ́, tó máa lálòpẹ́: èwo ni kí n rà?

Ọmọ Ọba-Ilé
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Òndó. Òjò ti dé, koríko sì ti fẹ́ lé wa jáde nílé. Ilẹ̀ wa l'Ọ́ba-Ilé jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120. Ilé ti gba ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀. Iwájú, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀yìnkùlé ló ṣẹ́ kù fún koríko, ẹ̀yìnkùlé yẹn sì rọra dà gẹ̀rẹ́ sọ́nà gọ́tà.

Àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé ẹ̀rọ kọ́ èjìká ni mo ti ń pè. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n wọ́n á gé ibì kan títí ilẹ̀ á fi hàn, wọ́n á fi ibòmíràn sílẹ̀ bó ṣe wà, òkúta tí ẹ̀rọ wọn ta sókè sì ti fọ́ wíńdò pálọ̀ wa. Mo fẹ́ ra mọ́wà tèmi, ẹ̀rọ ìgékoríko tí èèyàn ń rìn tẹ̀lé lẹ́yìn, tuntun nínú páálí. Mi ò fẹ́ tòkunbọ̀. Ẹnì kan ní kí n gbé aláwọ̀ pupa kan tí wọ́n kọ 7HP (agbára ẹṣin 7) sí lára, òmíràn ní kí n fowó kún owó kí n ra Honda. Ìyàwó mi ní tòun, oníbátìrì ni, kí ariwo má baà jí ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lò ó, ẹ la ọ̀nà fún mi.

Mẹkáníìkì Òndó
Ẹ kú ìnáwó ilé, ọ̀gá. Kí a tó dárúkọ ẹ̀rọ kankan, irú koríko wo ló wà níbẹ̀? Bó bá jẹ́ Bàhámà tàbí kápẹ́ẹ̀tì ni ẹ gbìn, ọ̀rọ̀ rọrùn. Bó bá jẹ́ ẹ̀kan, eèsún àti akíntọ́lá ni ẹ fẹ́ fi gé, ẹ má ra mọ́wà o, ẹ máa pe àwọn ọmọkùnrin yẹn lọ.

Mo ń tún ẹ́njìn kéékèèké ṣe ní Yábà, l'Óndó níbí. Èyí tó pọ̀ jù nínú mọ́wà tí wọ́n ń gbé wá bá mi, iṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn ló pa wọ́n. Abẹ mọ́wà dè mọ́ ìdí kíráǹkì (ọ̀pá irin tí ẹ́njìn ń yí) gan-an, kò sí jíà tàbí bẹ́líìtì láàárín àwọn méjèèjì nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù. Ẹ́njìn yẹn ń yí ní bíi ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí abẹ bá wá gbá kùkùté tàbí ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì lórí eré bẹ́ẹ̀, gbogbo agbára yẹn á padà sára kíráǹkì. Bí orí bá yọ yín, kọ́kọ́rọ́ kékeré tó wà lábẹ́ fúláìwíìlì (irin roboto tó ń yí lórí kíráǹkì) nìkan ló máa já; ẹ máa fa okùn títí, kò ní dáhùn, tàbí kó máa yìnbọn padà. Ìyẹn kì í náni lówó púpọ̀. Bí orí ò bá yọ yín, kíráǹkì á tẹ̀. Ẹ máa mọ̀ nítorí ẹ̀rọ á máa gbọ̀n dé apá yín, nọ́ọ̀tì á sì máa tú fúnra wọn. Owó àtúnṣe kíráǹkì tó tẹ̀ sún mọ́ owó ẹ́njìn tuntun, àwọn tó ń fúnni ní wáráńtì kì í sì í kà á mọ́ tiwọn.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ kí mọ́wà pẹ́ ni ilẹ̀ tí ẹ ń tì í lé. Ẹ kọ́kọ́ rìn yí ilé ká, kí ẹ ṣa òkúta, ìṣó àti ajẹkù irin tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀. Ilé tuntun kì í ṣàìní wọn.

Ti 7HP yẹn, ẹ fojú fò ó. Ẹ́njìn Honda GCV160 tí ìtóbi rẹ̀ jẹ́ 160cc, agbára ẹṣin 4.4 ni Honda fúnra wọn kọ fún un. Ẹni tó bá mú ẹ́njìn tí kò tóbi ju ìyẹn lọ tó kọ 7HP sí i, ẹnu ló fi wọ̀n ọ́n. Láàárín 140cc sí 190cc tó fún ilé gbígbé, kó ṣáà jẹ́ 4-stroke, èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ sí pẹtiróòlù.

Tí ẹ bá ti yan ìwọ̀n, ìbéèrè tó kù ni pé: ta ló máa tún un ṣe, níbo ni ẹ ó ti rí nǹkan rẹ̀ rà? Ẹ béèrè kábúrétọ̀, fílítà, okùn ìfà àti abẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó. Bó bá ní òun máa ránṣẹ́ sí Èkó fún gbogbo rẹ̀, ẹ ti mọ bó ṣe máa rí lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́. Ìdí tí mo fi ń sọ Honda àti Briggs & Stratton (ilé iṣẹ́ ẹ́njìn Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Briggs) nìyẹn, kì í ṣe torí orúkọ. Púlọ́ọ̀gì BPR6ES tí Honda ń lò, ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta nǹkan jẹnẹrétọ̀ lẹ ti máa rí i.

Dàdá Òkè Àró
Ẹ má bínú sí mi o. Mọ́wà fún ilẹ̀ tí kò tó nǹkan yìí? Ẹ ra èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ, kí ẹ lò ó títí á fi kú, kí ẹ ra òmíràn. Ta ló fẹ́ sọ mọ́wà di ogún ìdílé?

Mẹkáníìkì Òndó
Dàdá, ẹ̀yin náà ni ẹ máa wá bá mi lọ́jọ́ tí okùn bá já, tí ẹ ó ní kí n wá okùn ẹ̀rọ tí kò ní orúkọ kankan lára.

Ìyá Ìbejì Alágbàká
Ọmọ mi Ọba-Ilé, ẹ kú ilé tuntun. Mẹkáníìkì ti sọ ti ẹ́njìn, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń ti tèmi fúnra mi sọ ohun tójú mi rí. Ẹ́njìn kọ́ ló ń kọ́kọ́ lọ. Ara ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ lọ.

Ẹ wo abẹ́ mọ́wà tí wọ́n ti lò fún ọdún mélòó kan. Koríko tútù máa ń lẹ̀ mọ́ inú ìbòrí tó bo abẹ, á dì pọ̀, á dúdú, á máa rùn bí ìgbà tí ẹ̀kọ bá kan. Lábẹ́ ìdì koríko yẹn ni irin ti ń jẹra. Ọ̀dà rẹ̀ á wú, tí ẹ bá fi èékánná họ ọ́, á ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Níkẹyìn, ẹnu ibi tí koríko ń gbà jáde á lu, ibi tí wọ́n de táyà mọ́ á sì ya. Ẹ́njìn á ṣì máa dún dáadáa o, táyà ni ò ní í rí ibi dúró mọ́. Èyí tí mo kọ́kọ́ lò, bó ṣe lọ nìyẹn. Ní Àkúrẹ́ tí òjò ń rọ̀ láti bíi oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí koríko ṣe ń tutù tó láàárọ̀.

Nítorí náà, bí owó bá ká a, ra èyí tí ìbòrí rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n dà. Kì í dípẹtà. Àléébù rẹ̀ ni pé bó bá gbá nǹkan líle, ó lè sán, wẹ́dà tó lè jó alumíníọ̀mù ò sì pọ̀. Bó bá jẹ́ onírin ni agbára rẹ mọ, irin tó nípọn ni kí o wá. Fi ìka kàn án ní ṣọ́ọ̀bù: èyí tó fẹ́lẹ́ máa ń dún bí agolo ìpara. Oníke náà wà, òun náà kì í dípẹtà, àmọ́ èmi ò lò ó rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo táyà. Gbé ẹ̀rọ sókè díẹ̀, di táyà mú, kí o mì í sọ́tùn-ún sósì. Táyà tó ní béárìn kì í mì púpọ̀. Èyí tó jẹ́ pé ihò ike lásán ni wọ́n ti irin bọ̀, ihò yẹn á fẹ̀, táyà á máa fì, ẹ̀rọ á máa gé ibì kan lọ sílẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Táyà ẹ̀yìn tó ga dáa fún ilẹ̀ tó ní kòtò. Di ọwọ́ ìdìmú náà mú kí o tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbé iwájú ẹ̀rọ sókè. Torí bí o ṣe máa ṣe é nìyẹn nígbàkigbà tí o bá fẹ́ yí padà. Bó bá ń tẹ̀ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, á kán nílé.

Mo ń fi ẹ̀là igi ha abẹ́ tèmi lẹ́yìn tí mo bá gé koríko tán. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ọmọ Ọba-Ilé
Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Koríko tiwa, kápẹ́ẹ̀tì ni níwájú, ẹ̀gbẹ́ jẹ́ àdàlù: gbẹ̀gi, patanmọ́ àti ohun tí afẹ́fẹ́ gbé wá. Ó ga díẹ̀ báyìí, ó ti dé orúnkún èèyàn ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó ń fúnra rẹ̀ rìn ńkọ́? Àti ti bátìrì tí ìyàwó mi sọ?

Ìyá Ìbejì Alágbàká
Èyí tó ti dé orúnkún yẹn, ẹni tó ni ẹ̀rọ èjìká ni kó kọ́kọ́ gé e lulẹ̀ o. Lẹ́yìn náà ni mọ́wà á máa bá a lọ. Tí koríko bá ga, gbé ẹ̀rọ sí ìwọ̀n tó ga jù, gé e, kí o tún sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbòǹgbò á rẹ̀wẹ̀sì, oòrùn á jó o, gbẹ̀gi á sì gba ilẹ̀.

Ti èyí tó ń fúnra rẹ̀ rìn, orúnkún mi ló bá mi yan tèmi. Ó ń fà mí lọ, mo kàn ń darí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé o máa rà á, ra èyí tí táyà ẹ̀yìn ló ń fà á. Èyí tí táyà iwájú ń fà, bí o bá tẹ ọwọ́ ìdìmú kí o lè yí padà, iwájú á gbé sókè, á dúró.

Mẹkáníìkì Òndó
Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ibí la ti máa yapa. Ohun tí kò sí lára ẹ̀rọ kò lè bàjẹ́. Èyí tó ń fúnra rẹ̀ rìn ní àpótí jíà, bẹ́líìtì, kébù, àti eyín inú táyà tí iyanrìn ń jẹ. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ló ń ṣòro rí jù ní ìpínlẹ̀ wa. Ọkùnrin tó lágbára, ilẹ̀ tí kò tó ìdajì púlọ́ọ̀tì, kó tì í pẹ̀lú ọwọ́.

Ìyá Ìbejì Alágbàká
Ó dáa. Nígbà tó bá pé ọjọ́ orí mi kó wá sọ.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Houston
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kí n dá sí ti bátìrì torí òun ni mò ń lò níbí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀: kò sí pẹtiróòlù, kò sí okùn ìfà, aládùúgbò ò bínú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gbé Àkúrẹ́, mi ò rò pé màá rà á ní báyìí.

Bátìrì ilé iṣẹ́ kan kì í wọ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn. Lọ́jọ́ tó bá kú, tí ẹni tó tà á fún yín ò bá ní òmíràn nílẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ yẹn di àga. Ẹ má sì rò pé ẹbí òkè òkun máa fi ránṣẹ́ nínú bàágì. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú kì í gba bátìrì lithium tó bá ju 160 watt-hour (ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́) lọ lọ́wọ́ èrò. Ti mọ́wà 56V tó jẹ́ 5Ah, 56 lọ́nà 5, 280 watt-hour ni. Ṣájà tí a ń rà ní Amẹ́ríkà, iná 120V ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá tì í bọ iná 230V tilé, èéfín lẹ máa rí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ooru ń dín ẹ̀mí bátìrì kù, kò yẹ kí wọ́n fi sínú gárééjì oní-páànù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń tà á ní Nàìjíríà ní bátìrì àti ṣájà 230V nílẹ̀, tí sólà yín sì lágbára, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ohun kan tún wà. Honda ti dáwọ́ mọ́wà tiwọn dúró ní Amẹ́ríkà láti 2023. Ẹ̀rọ nìkan ni o, wọ́n ṣì ń ṣe ẹ́njìn. Nítorí náà ẹ̀ ń rí mọ́wà tí ara rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn, tí ẹ́njìn rẹ̀ jẹ́ Honda. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, àmọ́ ara rẹ̀ náà ni kí ẹ yẹ̀ wò bí Màmá ṣe wí.

Dàdá Òkè Àró
Oníwáyà tó ń lo iná ńkọ́? Kò ní bátìrì, kò ní kábúrétọ̀.

Mẹkáníìkì Òndó
Iná wo? Ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ 1,000 wáàtì sókè, títí dé bíi 1,800. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé e. Ẹ máa tan jẹnẹrétọ̀ ńlá kí ẹ tó gé koríko, ẹ ti wá jó pẹtiróòlù ju mọ́wà lọ. Ká má tíì sọ ti ẹni tó máa gé wáyà ara rẹ̀.

Bàbá Olùkọ́ Fẹ̀yìntì
Ẹ kú àpérò o. Ní ayé tiwa ní ilé ẹ̀kọ́, àdá ni mọ́wà wa, ẹni tó bá pẹ́ dé ni wọ́n ń wọn pọ́ọ̀sọ̀n fún.

Ọ̀dọ́kùnrin yìí, o ò tíì gbọ́ nípa èyí tí kò ní ẹ́njìn rárá. Òun gan-an ni bàbá gbogbo mọ́wà. Edwin Budding ló ṣe é ní ọdún 1830, ní agbègbè Stroud nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá irun orí aṣọ ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ló wò ṣe é. Abẹ rẹ̀ yí po bí róòlù, á máa gé koríko lé orí irin kan tó dúró jẹ́ẹ́, bí sáàsì ṣe ń gé. Títí dòní irú abẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń gé ibi tó dán jù lórí pápá gọ́ọ̀fù; ẹ lọ wo ti Ìlárá-Mọ̀kín. Èyí tí a ń fọwọ́ tì kò ní púlọ́ọ̀gì, kò mu epo, ó lè pẹ́ ju èmi àti ìwọ lọ.

Àmọ́ ó fẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú, koríko tó rọ̀, àti ẹni tó máa gé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí o bá jẹ́ kó ga, yíyí ló máa yí lé e lórí. Iwájú ilé rẹ lè gbà á, ti ẹ̀gbẹ́ ò ní gbà.

Ẹ̀yìnkùlé tó dà gẹ̀rẹ́ yẹn, má tì í lọ sókè wá sísàlẹ̀ o. Ìbú ni kí o máa gbà, kí ẹ̀rọ máa kọjá níwájú rẹ. Bí o bá yọ̀ níbi tí o ti ń fà á sókè, orí ẹsẹ̀ rẹ ló máa wá. Bí gẹ̀rẹ́ náà bá sì ju dígírì 15 lọ, fi sílẹ̀ fún àdá. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń bá ẹ̀rọ wá ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ọba-Ilé
Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ti lọ wo nǹkan nílùú. Ṣọ́ọ̀bù kan gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n lẹ Honda mọ́ lórí, owó rẹ̀ sì rọjú gan-an. Páálí rẹ̀ ò sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní “original” ni. Ṣọ́ọ̀bù kejì ní Briggs 18 íǹṣì, ìbòrí onírin, àti òmíràn tó jẹ́ 21 íǹṣì, ìbòrí alumíníọ̀mù, ẹ́njìn Honda GXV160, ṣùgbọ́n owó yẹn á jẹ ìlẹ̀kùn yàrá tí mi ò tíì rà.

Mẹkáníìkì Òndó
Ti àkọ́kọ́ yẹn, ẹ wá nọ́ńbà ẹ́njìn. Ti Honda gidi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọ inú irin ẹ́njìn fúnra rẹ̀, ẹ lè fi ìka pa á kí ẹ mọ̀ ọ́n lára. Bó bá jẹ́ bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nìkan ni, ẹ gbé e padà sínú páálí. Ẹ wo ẹnu irin tí wọ́n dà náà: ayédèrú máa ń ní etí ṣóńṣó tí wọn ò yún. Kí ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ka ìwé rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò ní ìwé, tàbí tí orúkọ inú ìwé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ara rẹ̀, ìdáhùn ti dé nìyẹn.

GXV160 yẹn, ẹ́njìn iṣẹ́ ni. Irin dúdú ni wọ́n fi bo inú síléńdà rẹ̀, kì í tètè jẹ. Ẹni tó ń gé koríko fún àwọn èèyàn gba owó ló yẹ kó rà á, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó ní pápá. Ó wúwo pẹ̀lú. Fún ilẹ̀ tiyín, kò pọn dandan. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ẹ gbé e torí ó máa pẹ́. Òótọ́ ni, á pẹ́ ju ìfẹ́ tí ẹ ní sí koríko lọ.

Briggs 18 íǹṣì ló bá yín mu. Abẹ 18 íǹṣì, bíi 46 sẹ̀ǹtímítà ni. Á kọjá láàárín ilé àti fẹ́ǹsì, ẹ ò ní máa pààrà jù, kò sì ní wúwo lọ́wọ́ ní gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ó jẹ́ irú èyí tí wọ́n ní kí ẹ má pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, kí ẹ kàn máa bù kún un. Briggs ń ṣe irú ẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn síbẹ̀síbẹ̀. Eruku ọ̀gbẹlẹ̀ wa ò mọ ìwé.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Houston
Mo gbè é lẹ́yìn lórí èyí.

Ìyá Ìbejì Alágbàká
Bó bá jẹ́ onírin, kí ó ra ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kí ó kùn ún lábẹ́ kí ó tó lò ó rárá, kí ó sì máa tún un kùn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ dẹ̀gbẹ́, fílítà àti kábúrétọ̀ ni kó wà lókè o. Bó bá bọ́ sísàlẹ̀, ọ́ìlì á ṣàn wọ fílítà, lẹ́yìn náà á máa tú èéfín funfun, ẹ ó máa rò pé ẹ́njìn ti kú.

Mẹkáníìkì Òndó
Màmá sọ òótọ́. Kí ẹ sì yọ fìlà púlọ́ọ̀gì kúrò kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ abẹ́. Bí abẹ bá kàn yí díẹ̀ nígbà tí púlọ́ọ̀gì ṣì wọlé, ẹ́njìn lè dáhùn.

Irin tó wà lórí ọwọ́ ìdìmú, èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ dì mú kí ẹ́njìn tó ṣiṣẹ́, ẹ má fi okùn so ó. Mo ń rí i ní ọ̀pọ̀ ilé. Òfin Amẹ́ríkà láti 1982 ni pé abẹ gbọ́dọ̀ dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3 tí ẹ bá ti tú u sílẹ̀; ìdí tí wọ́n fi fi sí i nìyẹn. Okùn tí ẹ so yẹn ni ẹsẹ̀ máa san. Bàtà ni kí ẹ wọ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe sílípáàsì.

Ti ìtọ́jú: pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́ lẹ́yìn wákàtí 5 tí ẹ bá ti lò ó, torí ìgbà yẹn ni àwọn irin inú rẹ̀ ń jẹ ara wọn láti bára mu. Lẹ́yìn ìyẹn, bíi wákàtí 50 sí ara wọn. Ilé tiyín, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó. Ẹ gbọn fílítà nígbà gbogbo, ní ọ̀gbẹlẹ̀ pàápàá. Nígbà tí koríko bá ti dẹ́kun híhù lẹ́yìn òjò, ẹ fa pẹtiróòlù inú táńkì jáde, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́njìn jó èyí tó kù nínú kábúrétọ̀ títí á fi kú fúnra rẹ̀. Pẹtiróòlù tó bá dúró pẹ́ níbẹ̀ máa ń dì bí oje, á dí ihò kékeré inú rẹ̀. Ìdí tí ẹ̀rọ tó dùn ún lò ní oṣù kẹwàá kì í fi dáhùn ní oṣù kẹrin nìyẹn. Bó bá jẹ́ inú kẹ́ẹ̀gì lẹ ti ń bu epo, ẹ sẹ́ ẹ.

Dàdá Òkè Àró
Abẹ ńkọ́? Aláàdá tó ń pọ́n àdá lè pọ́n ọn?

Mẹkáníìkì Òndó
Ó lè pọ́n ọn, ṣùgbọ́n kó pọ́n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bákan náà. Tó bá pọ́n ọn tán, ẹ fi ihò àárín rẹ̀ kọ́ ìṣó lára ògiri. Ẹ̀gbẹ́ tó bá lọ sílẹ̀ ló wúwo jù, kó tún fá a díẹ̀ títí abẹ á fi dúró gbọọrọ. Abẹ tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ wúwo máa gbọn ẹ́njìn títí ihò bóòtù á fi fẹ̀.

Ọmọ Ọba-Ilé
Mo ti gbé Briggs 18 íǹṣì náà. Ìyàwó mi ní kí n má gé koríko kí ọmọ tó jí lọ́sàn-án, mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti kùn abẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ́ìlì kankan nínú rẹ̀ tí mo ṣí i, wọ́n ní wọn kì í kó o wá pẹ̀lú ọ́ìlì. SAE 30 ni mo rà. Mo bù ú sí i, mo ti irin ìwọ̀n (èyí tí a fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó) bọ̀ láìyí i, ó fi hàn pé ó ti kún dé òkè. Ṣé kí n dà á jáde díẹ̀ ni?

Mẹkáníìkì Òndó
Ẹ dúró ná. SAE 30 dáa fún ooru wa. Irin ìwọ̀n Briggs, wọ́n ń yí i mọ́ ẹnu rẹ̀ tán pátápátá kí wọ́n tó yọ ọ́ wò. Ti Honda ni wọ́n kàn ń tì bọ̀ láìyí i. Nítorí náà ohun tí ẹ rí yẹn lè má jẹ́ òótọ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ sórí ibi tó tẹ́jú, ẹ nu irin ìwọ̀n mọ́, ẹ yí i dé òpin, ẹ yọ ọ́, ẹ wò ó. Bó bá ṣì ga ju àmì òkè lọ, ẹ fa díẹ̀ jáde kí ẹ tó fa okùn. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù máa ń gba ọ̀nà fílítà jáde.